Ẹ́kísì Ń Lọ sí Òdo

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ nílé Àrìnkẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni odò. Ẹ lè sọ̀rọ̀ olè níbẹ̀, ẹ lè sọ̀rọ̀ ikú, ẹ tilẹ̀ lè bú ìjòyè bí ẹ bá ti wẹ̀yìn wò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá la ẹnu pe odò, Àrìnkẹ́ á dìde nídìí òfì rẹ̀, á wọlé lọ, kò sì ní í jáde mọ́ títí ẹ ó fi lọ. Ibi omi ni wọ́n ń pè é nílé náà. Kódà odó tí wọ́n fi ń gún iyán, tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀, pàdánù orúkọ tirẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun ìgúnyán ni wọ́n ń pè é. Àwọn aládùúgbò a máa fi Àrìnkẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àwọn tí ejò kò bù jẹ rí ló ń rẹ́rìn-ín.

Ejò tó bu Àrìnkẹ́ jẹ ni odò tó ń ṣàn lẹ́yìn abúlé wọn, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ti ìlú Òsì wá àti èyí tó ti ìlú Ọ̀tùn wá ti pàdé. Ibẹ̀ ni Olúdayọ̀, àkọ́bí rẹ̀, lọ lúwẹ̀ẹ́ nígbà òjò kan. Ṣòkòtò rẹ̀ tí ó bọ́ sórí òkúta ni wọ́n gbé wálé fún ìyá rẹ̀. Bàbá ọmọ náà kò pẹ́ kí òun náà tó tẹ̀lé e. Ó wá ku Àrìnkẹ́ àti Monísọ́lá, tí wọ́n ṣì ń pọ̀n sẹ́yìn nígbà náà. Bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́ ni Àrìnkẹ́ ṣe tọ́ ọmọ yìí dàgbà.

Monísọ́lá sì dàgbà, ó di tíṣà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé náà. Àmọ́ ojú rẹ̀ wà lókè ju ibẹ̀ lọ. Ní ọdún 1965, ó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò G.C.E. ńlá, èyí tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, ó sì ń kọ́ ara rẹ̀ nínú ìwé ìṣirò kan tí Bámidélé, àbúrò bàbá rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí i láti Ìbàdàn. Ìwé náà le bí ojú ẹja. Nígbà tí ó dé ibi tí wọ́n ń pè ní límíìtì, ìyẹn iye tí nǹkan ń súnmọ́ láì kàn án, ó há síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ń wọ etí, kò wọ inú.

Kí ni ó wá ṣe? Ohun tí tíṣà mọ̀ ọ́n ṣe náà ló ṣe. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó dojú kọ ògiri amọ̀ inú yàrá rẹ̀, ó ń kọ́ ògiri náà ní Yorùbá bí ẹni pé kíláàsì ni. Á béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ògiri, á fúnra rẹ̀ dáhùn, á bínú sí ògiri nígbà mìíràn pé olódo ni. Ara ògiri yìí kan náà ni òfì ìyá rẹ̀ fi ẹ̀yìn tì lódìkejì, níbi tí Àrìnkẹ́ ti máa ń hun kíjìpá láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Kíjìpá Àrìnkẹ́ lókìkí. Òun fúnra rẹ̀ a máa yangàn pé ẹni bá rí èyí tó ya kó gbé e wá. Kò mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń sọ lẹ́yìn ògiri, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ a máa dùn láti gbọ́ ohùn náà. "Ògiri mi ti kàwé jù mí lọ," bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń wí.

Inú dídùn yẹn kò pẹ́. Lẹ́yìn ìbò ọdún náà, iná bẹ̀rẹ̀ sí í jó kiri gbogbo ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Wẹ́tìẹ̀ ni wọ́n ń pè é: àwọn tọ́ọ̀gì olóṣèlú á da bẹntiróòlù sára ilé ẹni tí kò bá wọn ṣe, tàbí sára ẹni náà gan-an, wọ́n á sì ṣá ìṣáná sí i. Ọyẹ́ ti dé nígbà náà, koríko orí ilé ti gbẹ ganrínganrín. Ìyá Morákinyọ̀, aládùúgbò Àrìnkẹ́, ni ìròyìn kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló sọ pé àwọn tọ́ọ̀gì wọ̀nyí kì í jẹ́ orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n.

"Ọ̀kan ń jẹ́ Ìjì," ó ní, "ọ̀kan ń jẹ́ Bọ́ǹbù. Wọ́n a sì máa fa àwọn ọ̀dọ́ tó mọ ùwé mọ́ra. Àrìnkẹ́, ṣọ́ ọmọ rẹ o."

Bí ẹni pé ó ti ń ṣe ohun mìíràn tẹ́lẹ̀! Láti ọjọ́ náà, Àrìnkẹ́ kò fojú kúrò lára ọmọ rẹ̀ mọ́. Bí mọ́tò bá dún lójú títì, á sáré jáde wò ó. Bí ẹnìkan bá pe Monísọ́lá láti ìta, òun ni yóò kọ́kọ́ yọjú.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi Kérésìmesì, Monísọ́lá wà nínú yàrá tó ń kọ́ ògiri, Àrìnkẹ́ sì wà nídìí òfì, tó ń fi pákó gbọọrọ rẹ̀ gbá òwú mọ́ra, gbà, gbà, gbà. Ohun tí Monísọ́lá ń wí nìyí:

"Ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ́kísì ń lọ sí òdo. Ó lè wá láti ọ̀tún, ó lè wá láti òsì. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ wọ òdo, torí a kì í fi òdo pín nǹkan. Ẹni bá wọ òdo, ó parí fún un nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó máa súnmọ́ ọn. Ìdajì. Ìdajì ìdajì. Kó máa kéré sí i títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Bí èyí tó ti ọ̀tún wá àti èyí tó ti òsì wá bá dojú kọ ibì kan náà, a ti rí ohun tí à ń wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilà náà á já níbẹ̀."

Ìṣirò lásán. Ẹ́kísì ni lẹ́tà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń dúró fún iye tí a kò tíì mọ̀. Òdo sì ni iye tí a ń kà nígbà tí kò bá sí nǹkan kan nílẹ̀. Ẹni tó wà nínú kíláàsì kò ní í ṣì í gbọ́.

Ṣùgbọ́n Àrìnkẹ́ kò sí nínú kíláàsì. Lẹ́yìn ògiri ló wà. Òsì ni òsì ń jẹ́, ìbáà jẹ́ ọwọ́ òsì, ìbáà jẹ́ ìlú Òsì. Láàárín ọ̀tún àti Ọ̀tùn, ohùn kékeré kan ló wà. Òdo àti odò náà, ohùn ló yà wọ́n, ògiri amọ̀ sì ń jẹ ohùn bí ikán ṣe ń jẹ igi. Èyí tí ògiri bá jẹ kù, pákó òfì á gbá a mọ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, etí tó ti ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní í ṣàì gbọ́ ọ níbi tí kò sí. Ohun tí Àrìnkẹ́ gbọ́ ni pé Ẹ́kísì ń lọ sódò. Ó gbọ́ pé àwọn kan ń bọ̀ láti Ọ̀tùn, àwọn kan láti Òsì. Ó gbọ́ pé ẹni bá wọ odò, ó parí fún un nìyẹn. Ó gbọ́ pé yóò máa kéré sí i títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́.

Pákó dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ la ẹnu, ó pe odò! Ọmọ tí kò pe ọ̀rọ̀ náà rí láti ìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀. Ta ló wá kọ́ ọ? Ta ni Ẹ́kísì? Ìjì, Bọ́ǹbù, Ẹ́kísì: ẹ gbọ́ bí orúkọ náà ṣe bá ara wọn mu.

Ó yẹ kó bi ọmọ rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá tú gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ìbẹ̀rù kì í béèrè, ó ń bẹ̀rù ìdáhùn. Nígbà tí Monísọ́lá jáde wá bu omi mu, ohun tí Àrìnkẹ́ lè sọ kò ju pé:

"Ta lo ń bá sọ̀rọ̀ nínú ulé?"

"Kò séèyàn, Yèyé. Uṣẹ́ mi ni mò ń ṣe." Ojú ọmọ náà ń dán. "Ohun tí mò ń lé láti ọjọ́ yìí ti fẹ́ẹ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọ̀la ni n óò dé ìdí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí."

"Ọ̀la," Àrìnkẹ́ wí.

Ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́. Monísọ́lá mu ògì, ó wọ yàrá, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Àrìnkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ohùn ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere. Lẹ́yìn náà ni ó fa ilẹ̀kùn ilé pa dé jẹ́jẹ́, ó fi àgádágodo tí wọ́n fi ń ti ilé nígbà tí wọ́n bá ń lọ sóko tì í láti ìta. Fèrèsé yàrá náà kéré, igi sì dábùú rẹ̀ nítorí olè. Kò sí ibi tí ọmọ yóò gbà jáde. Ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀, ó ta á ní kókó tó le, ó gbé pákó òfì rẹ̀ lé èjìká, ó sì kọrí sí ọ̀nà odò. Bí Ẹ́kísì bá dé etí omi lónìí, Àrìnkẹ́ ni yóò bá níbẹ̀.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ṣòkòtò Olúdayọ̀ wálé, kò tẹ ọ̀nà yìí mọ́. Títí dé ẹ̀yìn oko ẹ̀gẹ́, ó ń yan bí ọmọ ogun. Nígbà tí ó gbọ́ ìró omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ó rìn díẹ̀, ó dúró. Èyí tó tún rìn kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Ó dúró, ó gbàdúrà, ó tún sún. Ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ lọ, ara rẹ̀ ń kọ̀. Ó dé òkúta tí wọ́n ti bá ṣòkòtò náà, ó dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kò sì lè kọjá ibẹ̀ mọ́. Omi kò jìnnà sí i ju ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè nà dé.

Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ọ̀nà Òsì dá, ọ̀nà Ọ̀tùn dá. Ọyẹ́ ti fá odò náà lá, ewúrẹ́ lè kọjá rẹ̀ láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àrìnkẹ́ wò ó, inú bí i. Ṣé omi yìí náà nìyí? Ṣé èyí ni òun ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá? Ó dúró títí oòrùn fi mú, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, àyà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ìgbà náà ni ó gbọ́ òórùn èéfín.

Ó kọ́kọ́ rò pé oko ni wọ́n ń sun. Ó yíjú padà. Èéfín dúdú ń gòkè lọ́ọ̀kán abúlé, irú èyí tí koríko nìkan kì í rú. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí etí ìró rẹ̀, ó kan kọ́kọ́rọ́.

Bí Àrìnkẹ́ ṣe sáré lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ ọ́. Ó ṣubú nínú oko ẹ̀gẹ́, ó dìde. Ó ń pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀, orúkọ tó ń jáde sì ni Olúdayọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ojú títì ni àwọn tọ́ọ̀gì gbà wá, wọn kò gba ọ̀nà odò rárá. Ilé Káńsẹ́lọ̀ Ìgè, olóṣèlú kan tí kò bá wọn ṣe, ni wọ́n bá wá, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì ti bá mọ́tò wọn lọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò mọ ọmọ ẹgbẹ́ kan yàtọ̀ sí èkejì; ó ń gbé ẹ̀ta iná láti orí ilé kan sí òmíràn. Orí ilé Àrìnkẹ́ ti ń jó láti ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Àwọn ènìyàn ń da omi sí ilé mìíràn, wọ́n ń gbé àwọn arúgbó jáde níbòmíràn. Ẹnikẹ́ni kò sí níwájú ilé tirẹ̀.

"Ìyá Morákinyọ̀! Ọmọ mi!" 

Ìyá Morákinyọ̀ yíjú sí i pẹ̀lú korobá lọ́wọ́. "Ọmọ rẹ bí i ti báwo? Àgádágodo la rí lẹ́nu ọ̀nà. A ní kò séèyàn nínú ulé!"

Àrìnkẹ́ kò dúró gbọ́ tán. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó di kókó etí ìró náà mú. Kò tú. Ó fi eyín sí i, ó fà á kó ya, ṣùgbọ́n kíjìpá tirẹ̀ ni, èyí tí kì í ya. Ó ké. Ó ṣí ìró náà kúrò nídìí látòkè délẹ̀, ó ku tòbí nìkan lára rẹ̀ lójú gbogbo ayé, ó sì ki kọ́kọ́rọ́ bọ àgádágodo pẹ̀lú gbogbo aṣọ náà tó ń wọ́ nílẹ̀. Àgádágodo ṣí.

Inú ilé ṣú bí òru. "Monísọ́lá!" Kò sí ohùn. Ohùn tó ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri lójoojúmọ́, kò sí. Àrìnkẹ́ rá kòrò wọ yàrá, ó ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀ kiri, ó kan ṣọ́ọ̀kì, ó kan ìwé, ó kan omi tó dà sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù ni ọwọ́ rẹ̀ ti kan ẹsẹ̀ ọmọ náà. Monísọ́lá ti fi aṣọ tútù bojú, ó dojú bolẹ̀ síbẹ̀. Àrìnkẹ́ fi apá méjèèjì gbá a mú lábẹ́ abíyá, ó wọ́ ọ jáde sí ìmọ́lẹ̀.

Ó ń mí. Ó wú ikọ́, ó bì, ó sì tún ń mí. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ènìyàn wà nínú ilé náà ni wọ́n tó rọ́ wá, tí wọ́n fi àdá ya koríko orí ilé lulẹ̀ kí iná má baà dé yàrá. Ilé ìdáná jó tán. Òfì jó pẹ̀lú aṣọ tó wà lórí rẹ̀.

Abẹ́ igi ọsàn ni ìyá àti ọmọ jókòó sí nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Ó pẹ́ kí Monísọ́lá tó lè sọ̀rọ̀, nígbà tó sì sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ti ha.

"Yèyé, kí ló dé tí ẹ tì mí mọ́ ulé? Mo ké títí. Mo lu ùlẹ̀kùn títí, ariwo ìta ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

"Ẹ́kísì ni," Àrìnkẹ́ wí. "Mo fẹ́ bá a kó tó bá ọ."

"Ẹ́kísì?" Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Nígbà tó yá, ó fi ìka fa ilà méjì dábùú ara wọn nínú iyẹ̀pẹ̀. "Ẹ́kísì nìyí, Yèyé. Lẹ́tà inú ùwé ni. Kì í ṣèèyàn."

"Mo gbọ́ tí o ní ó ń lọ síbi omi. Láti Ọ̀tùn, láti Òsì."

Monísọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu. Omi yọ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe ti èéfín. "Òdo ni mo wí, Yèyé. Òdo. Òdo, ení, èjì. Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì."

Àrìnkẹ́ wo ilà inú iyẹ̀pẹ̀ náà. "Kí ló wà ní òdo náà?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Kò sí nǹkan kan, ẹ sì ń dààmú ara yín láti ọ̀tún, láti òsì?"

"A kì í wọ ubẹ̀. À ń súnmọ́ ọn ni, kí a lè mọ ohun tí ì bá wà níbẹ̀."

Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀. "Olúdayọ̀ ì bá ti ga ju ùlẹ̀kùn yẹn lọ," ó ní. "Ì bá ti fi èjìká já a kí n tó dé. Gbogbo bí mo ṣe ń sáré bọ̀, òun ni mò ń rí lẹ́nu ọ̀nà."

Láti ọjọ́ pípẹ́ ni Monísọ́lá ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò fi kọ́ ògiri ní límíìtì. Òpin kò bá a mu, torí nǹkan kì í ṣáà parí níbẹ̀. Ààlà kò bá a mu, torí ẹsẹ̀ a máa tẹ ààlà. Ì bá, ọ̀rọ̀ kékeré tí àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí, kò wá sí i lọ́kàn rí. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó sì ń sunkún.

"Mo débẹ̀ lónìí," Àrìnkẹ́ wí.

"Níbo, Yèyé?"

"Odò."

Ọmọ náà gbé ojú sókè. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí.

"Mo dé odò," Àrìnkẹ́ tún wí. "Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Odò ò ṣe mí ní nǹkan kan. Odò kọ́ ló fẹ́ẹ́ gbà ọ́ lọ́wọ́ mi lónìí, Monísọ́lá. Èmi ni."

Ó fa ìró rẹ̀ bo ẹsẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà létí aṣọ náà, kókó náà kò tú.